Awò Ọ̀fẹ́ ní Pápá Purworejo

Ogójì ọdún ni Pak Sukatman, ìyẹn Bàbá Sukatman, fi tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ìlú Purworejo, kò sì sí ẹ̀rọ tó dákẹ́ tí kò mọ ibi tó ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ awò yìí kò yé e rárá.

Ẹgbẹ́ awòràwọ̀ kan ní Jogja ló yá a ní awò awọ̀nàjíjìn, pẹ̀lú gíláàsì dúdú tí kì í jẹ́ kí oòrùn pa ojú lára, kó máa gbé e sí pápá ìlú kí gbogbo èèyàn máa wo ojú ọ̀run lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wò ó bá wọ inú ìwé rẹ̀ láàárín oṣù kan, awò di ti Purworejo. Bí kò bá pé, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ó wá ku ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo. Orúkọ mẹ́tàlá ló wà nínú ìwé, márùn-ún nínú wọn ló sì ń sùn sílé rẹ̀.

Kì í ṣe pé èèyàn kò wá o. Wọ́n á yí i ká, wọ́n á ká apá mọ́ra, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó bá ní kí wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì fi ìṣísẹ̀ kan sún sẹ́yìn. Ó rò pé ẹ̀rù oòrùn ni, nítorí àwọn àgbà kò gbàgbé ọdún 1983, nígbà tí òkùnkùn bo oòrùn lọ́sàn-án gangan, tí ìjọba ní kí kálukú tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó bá gbé awò jáde nítorí òṣùpá: ìṣísẹ̀ kan náà. Ó kọ "Ọ̀FẸ́" gàdàgbà sára páálí: ìṣísẹ̀ méjì. Ó wọ aṣọ bàtíìkì tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, irú èyí táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ̀: wọ́n rò pé ìjọba ló rán an, pápá dá páropáro. Òun nìkan ni ọ̀fẹ́ náà ń ná lówó, nítorí oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń bá a gbé awò kì í gba "ẹ ṣeun."

Ní Àìkú tó kẹ́yìn yìí, èèyàn bí ọgbọ̀n ló dúró yí i ká láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan, Mbah Kasiyem, ló wà níwájú. Nígbà tó ṣe, ó sú u.

"Àbúrò, ẹsẹ̀ ń ro mí. Òògùn náà dà?"

"Òògùn wo, Ìyá?"

"Èyí tó o fẹ́ tà fún wa. Mú un jáde ká mọ iye tó jẹ́."

"Mi ò ta òògùn o. Mi ò ta nǹkan kan."

"Bí eléjò ṣe máa ń wí náà nìyẹn."

Ẹ̀rín sọ. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e díẹ̀. Pápá yìí kan náà ni àwọn olóògùn ti máa ń pa ìdán. Ẹnìkan á fa ejò erè jáde nínú àpótí, á yọ eyín fún ẹni tó bá fẹ́, kò ní gba kọ́bọ̀. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí ó parí ni ìgò òògùn á jáde, ojú á sì ti ẹni tó ti gbádùn ìran náà láti lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí kò bá wo ìran kò jẹ gbèsè ojú. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń búra pé òun kò ta nǹkan, nígbà tó jẹ́ pé ìbúra yẹn gan-an ni eléjò fi ń bẹ̀rẹ̀? Pak Sukatman ṣí àpótí awò kí wọ́n rí i pé ó ṣófo. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn.

Mbah Kasiyem mí kanlẹ̀. Ó mú ẹ̀pà sísè kan jáde nínú agbọ̀n rẹ̀, ó fi í lé Pak Sukatman lọ́wọ́.

"Gbà. Bó o bá mú òògùn jáde lẹ́yìn èyí, mo ti san tèmi."

Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ojú sẹ́nu awò, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní oòrùn mà ní àbàwọ́n lójú, bíi ti ọkọ òun.

Ni gbogbo èèyàn bá túká. Pak Sukatman rò pé ó ti parí nìyẹn. Àṣé wọ́n lọ wá nǹkan mú bọ̀ ni, wọ́n sì kó ará ilé wọn dání: ẹni tó mú tófù díndín tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ẹni tó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ẹni tó mú sìgá kan ṣoṣo. Ó ní òun ò gbà. Lójú tiwọn, ta ni kì í kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà? Bó ṣe ń kọ̀ ni wọ́n ń rọ̀ ọ́ sí i, títí ó fi tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí wọ́n máa kó o síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, orúkọ di mẹ́rìndínláàádọ́fà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ awòràwọ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bu Wulansari, dé láti Jogja. Ó ka orúkọ, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló rí ẹní.

"Pak Sukatman, kí lèyí? Ṣé owó ìwòran ni, àbí ẹ̀bùn?"

Pak Sukatman wo tófù. Ká ní owó rúpíà ni, ì bá mọ èsì.

"Ẹ má bínú, mi ò mọ̀. Mo bi wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín."

Bu Wulansari dúró, bírò lọ́wọ́. Mbah Kasiyem bi í láti ẹ̀yìn pé ṣé ó ti wo awò lónìí, nítorí àwọn tó wà lórí ìlà ń dúró. Bu Wulansari ní rárá. Ó tẹ̀ síbi awò, ó kù díẹ̀ kí ojú rẹ̀ kàn án, ó dúró. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó wá a títí, ó mú súìtì alátalẹ̀ kan jáde, ó sì fi í lé Pak Sukatman lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. Ìgbà náà ló tó wo oòrùn.

Nígbà tó dìde, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé, ó sì sọ fún oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pé kò sí ẹrù tó ń padà sí Jogja, awò ti di ti Purworejo. Pak Sukatman di súìtì mọ́wọ́ níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun jẹ ẹ́ ni, tàbí kí òun dá a padà.