Wáìnì Tí Màámi Fi Asẹ́ Ògì Sẹ́

Àbúrò mi obìnrin lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì padà wá sí Ẹdẹ pẹ̀lú ìmọ̀ ńlá kan: ó ti mọ wáìnì. Àwa tá a kù sílé, wáìnì Ìdàpọ̀ Mímọ́ nìkan la mọ̀, ìyẹn ò sì ju ká fi tọ́ ètè lọ.

Ìgò kan ṣoṣo ló fi aṣọ wé láàárín ẹrù rẹ̀. Ó ní wáìnì funfun ni. Mo wò ó títí. Ó rú bí omi Ọ̀ṣun lásìkò òjò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Funfun náà nìyẹn o.

"Àgbẹ̀ tó ṣe é kì í fi nǹkan kan sí i," ó ń ṣàlàyé fún mi. "Kì í sẹ́ ẹ. Ó kàn máa ń fi í sílẹ̀ kó ṣe ara rẹ̀ ni."

Irú iṣẹ́ tí mo ti ń wá nìyẹn látìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé.

Ó gbé e sínú fíríìjì, ó lọ wẹ̀. Bí Màámi ṣe ṣí fíríìjì nìyẹn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọn kì í fojú rere wo ìdọ̀tí.

"Wọ́n ti lu ọmọ yìí ní jìbìtì," ni wọ́n wí.

Wọ́n ṣí ìgò, wọ́n da wáìnì sínú asẹ́ ògì, wọ́n fún un dáadáa. Mo lè dá wọn dúró. Èmi náà fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe é.

Àbúrò mi jáde tòun ti táwẹ̀lì lọ́rùn. "Màámi! Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni ẹ̀mí ẹ̀!"

"Ó wà nínú asẹ́. Mi ò tíì dà á nù."

Ọmọ tó mọ iyì ara rẹ̀ mú ṣíbí, ó ha gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, ó sì jẹ ẹ́ lójú wa. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ṣé ó dùn?" Màámi bi í.

"Ó dùn, Mà." Ó ní òun ń gbọ́ òórùn òdòdó. Ògì àná lèmi ń gbọ́.

Màámi tọ́ èyí tí wọ́n sẹ́ wò. Wọ́n ní ó kan díẹ̀, àmọ́ kò burú. Wọ́n bu tèmi. Nígbà tó yá, àbúrò mi na ife tirẹ̀ náà. Ó ní níbi tóun ń gbé lọ́hùn-ún ní Faransé, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ẹrù òun. Gbogbo ilé máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló kọ́ òun ní wáìnì mímu.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," Màámi wí, wọ́n tún bu sí i fún un.

Mo fẹ́ fi ìyẹn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ̀pà ni mo bó fún un.