Ìbọ̀wọ́ Kan fún Gbogbo Iṣẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ kan débi pé ètè wa ń ya, àtẹ́lẹwọ́ mi náà sì sán. Ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú lẹ́yìnkùlé, èmi ni wọ́n ní kí n máa bu omi eérú sínú ìkòkò. Nítorí ọwọ́ tó sán yẹn, mo fa àkísà ya, mo fi wé e. Ẹ̀yin ọmọ mi, omi eérú wọnú àkísà, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lára bí iná. Kí ìyá mi tó já a kúrò, kí wọ́n tó máa da omi tútù sí i, awọ ti bó.

"Ta ló ní kó o fi aṣọ sí i?" Wọ́n fẹ́ lù mí, wọ́n tún ń sunkún. Àtìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé aṣọ gbígbẹ dára fún ìkòkò gbígbóná, àmọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi eérú.

Ẹ wá gbọ́ o. Lọ́dún yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin tí a jọ ń gbé ní Apẹtẹ ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ ní àdúgbò Challenge. Kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tó ń jó awọ, ni wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ níbẹ̀, ó sì burú ju omi eérú lọ. Ó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Mo ní kó mú un jáde. Awọ ìka mẹ́ta ti ṣí! Ìbọ̀wọ́ òwú funfun, irú èyí tí àwọn tó ń ru búlọ́ọ̀kù ń wọ̀, ni ọ̀gá rẹ̀ fún un.

"Màmá, wọ́n ní ìbọ̀wọ́ ni ìbọ̀wọ́ ń jẹ́. Ẹni tí ò bá wọ̀ ọ́, kó má wulẹ̀ wá mọ́."

"Ṣé ọ̀gá yín náà ń wọ̀ ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá kẹ̀? Wọn kì í dé ibi tá a ti ń pò ó. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ ń fọ́ wọn lórí."

Ara mi gbóná. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ awọ ló yẹ wẹ́dà tó ń jó irin, òwú yẹ ẹni tó ń gbé pákó, rọ́bà tó nípọn ló yẹ kọ́sítíìkì. Ẹni tó sì ń lọ ata kó má wọ nǹkan kan, kí ẹ̀rọ má bàa fi fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Kí ló le níbẹ̀? Nígbà tiwa, a ò rí ìbọ̀wọ́ rà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọṣẹ ló ń rò ó nínú ìkòkò, ọwọ́ tiẹ̀ náà wà nínú ewu. Lónìí, oríṣiríṣi ìbọ̀wọ́ kún ọjà Dùgbẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ ló wá jókòó sídìí fáànù, tó ń pàṣẹ fún ọwọ́ ọlọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù náà kí ọ̀gá tó dé. Nígbà tó wọlé, mo kí i dáadáa. Mo fi igi ti ìbọ̀wọ́ òwú kan bọ inú kọ́sítíìkì, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó ń kán tó tó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ èyí."

Ó wo ìbọ̀wọ́, ó wò mí, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Mo fa àga sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó tì mí. A ò dìde títí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́ fi ti Dùgbẹ̀ dé.