Bàbá Mátíù Tí Kéèkì Kì Í Tẹ́ Lọ́rùn

Gbogbo Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ló mọ ìtàn ọjọ́ìbí Praise. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù kéèkì Raliat, wọ́n ti tan àbẹ́là, orin ti dé ẹnu, àfi bí Bàbá Mátíù, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe dìde lórí àga rẹ̀, tó ki ìka bọ kéèkì ẹni ẹlẹ́ni, tó sì lá a.

"Ẹ má tíì kọrin o! Ìjà ń bẹ nínú kéèkì yìí."

"Ìjà wo, Bàbá?" Praise bi í.

"Bọ́tà ń pariwo lé ṣúgà lórí."

Raliat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni bàbá yìí ń wá. Á jẹ kéèkì tán láìṣẹ́ èérún kù, á nu ẹnu, á ní, "Ó kù díẹ̀. Kò tíì tó ti ìyàwó òyìnbó míṣọ́nnárì." Raliat á fi kún ẹyin, á dín iná kù, Ọjọ́bọ̀ mìíràn á dé: "Ó kù díẹ̀."

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìsinmi gígùn kan, ṣọ́ọ̀bù dá páropáro. Raliat di ẹrù, ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ n'Ísàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá wọlé nínú òjò.

"Wọ́n ní o ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ mọ́."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

Raliat tú ẹrù.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Títílọlá, ìyàwó Bàbá, tẹ̀lé e wá. Raliat bi í bí kéèkì ìyàwó òyìnbó ṣe dùn tó. Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Fèrèsé ilé ìdáná wọn ni Bàbá Títílọlá lọ kàn. Òórùn kéèkì náà ni Bàbá gbọ́, wọn ò fẹnu kàn án rí!"

Bàbá kò tiẹ̀ tijú. "Imú mi kì í purọ́," ó ní. "Raliat, gbé ẹyọ kan sí i wá."

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Mátíù sùn, kò jí mọ́.

Lóṣù tó kọjá, Raliat ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èrò kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yìn ín. Màmá Títílọlá, tó wọkọ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, rí i pé ojú Raliat ń wá nǹkan kiri.

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Màmá, láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó bá mi wí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Jókòó," ó ní. "Ìwọ náà wá jẹ nínú kéèkì rẹ."