Ẹ̀kọ́ Tí Tísà Ń Mú Bọ̀ Wálé

Kí ọmọbìnrin yìí tó mọ ìwé kà dáadáa ni wọ́n ti ń pè é ní Tísà. Ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Á fi kọ nǹkan sára ìlẹ̀kùn, á to àwọn ìrọ̀rí sílẹ̀ bí ọmọ kíláàsì, á sì máa bá wọn wí pé wọn kò tẹ́tí. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn níjọ́ tó bá a tó ń na ìrọ̀rí kan lẹ́gba pé ó pẹ́ dé. Nígbà tó wá dàgbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ilé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń san owó ilé-ìwé náà. Bíríkìlà ni. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó lọ kọ́ṣẹ́, kí owó oúnjẹ lè máa wọlé, kò sì fìgbà kankan fi í ṣe ìrégún fún àbúrò rẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ bá ní kó lọ fẹ́yàwó, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ilé tó wà lọ́wọ́ mi yìí tán ná. Ó ti kan òrùlé." Tísà ni ilé tó ń sọ.

Tísà wà ní ọdún kejì lọ́hùn-ún nígbà tí pákó ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́ ògiri lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Orí òkúta ló balẹ̀ sí. Egungun itan rẹ̀ kán. Kọngílá tó gbé iṣẹ́ fún un sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó san owó àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá pè é, fóònù á kàn máa dún ni, kò ní sẹ́ni tí yóò gbé e.

Wọ́n gbé aláìsàn wá sílé pẹ̀lú irin nínú ẹsẹ̀, pí-ó-pí, nǹkan funfun líle yẹn, sì bo ẹsẹ̀ náà láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìyá wọn, torí kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ṣì ń ṣàwàdà. Ó ní, "Láti ọjọ́ yìí tí mo ti ń rẹ́ ògiri, ẹ ò rí i pé wọ́n ti rẹ́ èmi náà." Nígbà tó yá, àwàdà tán. Ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un á tutù síbẹ̀.

Gbogbo owó tó wà nílé ti bá ẹsẹ̀ yẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Tísà kò ṣe rí owó ilé-ìwé san, tí ọjọ́ ìdánwò fi dé. Ó lọ ṣá. Ó rò pé bóyá wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá wọ́n á ṣàánú òun. Bàbá àgbà kan ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tó ń wo orúkọ àwọn tó ti sanwó. Ó wá orúkọ rẹ̀ títí, ó tún un wá, ó wá gbójú sókè.

"Má bínú, ọmọ mi," ló wí. "Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Ká ní ó pariwo mọ́ ọn ni, bóyá ì bá ti rọrùn fún un láti bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló pa á lẹ́kún. Ó lọ jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn, lábẹ́ fèrèsé, ó sì ń gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣí ìwé. Ìbéèrè tí wọ́n kà sókè, ó mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe ń bọ̀ nílé, ó ti pinnu pé òun á sọ fún wọn. Ìyá rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Kò tíì jẹun láti àárọ̀. Bá mi bẹ̀ ẹ́." Tísà wọlé, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí orí padà.

"Ìwọ nìyẹn? Ìdánwò ńkọ́?"

"Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Kí ni wọ́n bi yín?"

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ojú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń wò ó nìyẹn, ojú ẹni tó ń retí ohun tó dùn. Ló bá sọ ìbéèrè tó gbọ́ lábẹ́ fèrèsé, ó sì sọ ìdáhùn rẹ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Ìyá wọn sáré lọ gbé e, inú rẹ̀ ń dùn. Ta ló máa wá sọ òótọ́ lójú irú ìyẹn?

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Tísà ń múra láràárọ̀ bí ẹni tó ń lọ kíláàsì, ó ń gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká. Ó kọ́kọ́ ń rìn kiri lásán. Lọ́jọ́ kan ló rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé ìfọṣọ kan pé wọ́n ń wá ẹni tó lè lọṣọ. Obìnrin tó ni ibẹ̀, Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ohùn rẹ̀ sì ga ju ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

"Ṣé o mọ aṣọ lọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ló mọ̀ ọ́n, àfi aṣọ nìkan ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gba ṣẹ́ẹ̀tì yìí."

Tísà lọ kọ́là, ó lọ apá, ó lọ ẹ̀yìn. Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, "Gbé báàgì ẹ sábẹ́ tábìlì yẹn."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bó bá gba owó, ó ń fi ra oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ kan lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Ìyá náà ń gbàdúrà fún un. Àdúrà yẹn kì í dùn létí rẹ̀.

Bó bá délé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti máa dúró dè é. "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" Tísà á jókòó sórí àpótí, á ka ohun tó kọ sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ fún un bíi pé òní ni wọ́n kọ́ ọ: bí ọmọdé ṣe ń fi ọwọ́ mọ nǹkan kó tó fi ẹnu sọ ọ́, ìdí tí ọmọ tó ń dààmú kíláàsì fi lè jẹ́ ẹni tí ebi ń pa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bá a jiyàn, á ní ẹni tó kọ ìyẹn kò tíì rí irú ọmọ iṣẹ́ tí òun kọ́ rí. Bí àlejò bá wọlé, òun ni yóò máa ṣàlàyé fún wọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Àmọ́ ìwé àtijọ́ tán. Ni Tísà bá ń fúnra rẹ̀ hun ẹ̀kọ́. Bó ṣe ń lọṣọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ronú ohun tí òun máa kọ́ ẹ̀gbọ́n òun nírọ̀lẹ́. Ó tiẹ̀ dá olùkọ́ kan sílẹ̀ tí kò sí níbì kankan, bàbá kan tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn bàbá yìí púpọ̀. "Bàbá Oníkọ́ ńkọ́ lónìí?" ni yóò kọ́kọ́ bi í, Tísà á wúkọ́ bíi tirẹ̀, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá wọn lórí máṣíìnì. Nígbà mìíràn, á dà bíi pé òótọ́ ni, pé bàbá kan wà níbì kan tó ń dúró de Tísà ní kíláàsì.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àṣírí tú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín, ra búrẹ́dì wá kí aláìsàn. Tísà ti lọ pọnmi. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn láti rí ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Bàbá Oníkọ́ ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti dín?"

"Ta nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá?"

"Olùkọ́ yín. Èyí tó máa ń wúkọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "A ò ní olùkọ́ kankan bẹ́ẹ̀ o. Tísà gan-an ni mo wá wò. A ò rí i mọ́ láti ìgbà ìdánwò, mo rò pé bóyá òun náà ń ṣàìsàn."

Nígbà tí Tísà gbé omi wọlé, ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ ti dákẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ti mọ̀ pé òun ti sọ ohun tí kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo.

"Níbo lò ń lọ láràárọ̀?"

"Ilé alágbàfọ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Mò ń lọṣọ."

"Bàbá Oníkọ́ ńkọ́?"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Èmi tí mo wà nílẹ̀ yìí," ló wí, "mo ń rò pé ohun kan ṣì wà tí mo ṣe láyé mi tí kò bàjẹ́. O wá ń fi ìtàn rẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́." Ó kọjú sí ògiri. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí Tísà bẹ̀ ẹ́ àti èyí tí ìyá wọn bá a bẹ̀, kò mú kó yí orí padà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí Tísà ti lọ síbi iṣẹ́, tí ìyá sì lọ ra òwú, ọkùnrin náà mú igi tó fi ń tilẹ̀ rìn, ó jáde. Wọ́n ti tú pí-ó-pí nígbà náà, àmọ́ dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ náà gbé ara. Ó rìn dé ibi tí kọngílá yẹn ti ń kọ́ ilé mìíràn. Ó fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójúkojú. Bí kò bá sì rí ìyẹn, kí wọ́n fún un níṣẹ́ tó lè jókòó ṣe. Kọngílá kò sí níbẹ̀. Níbi tó ti ń gba àárín àwọn búlọ́ọ̀kù kọjá, igi yọ̀, ó ṣubú lé ẹsẹ̀ kan náà. Awakọ̀ tó ń já iyanrìn níbẹ̀ ló gbé e wá sílé nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Wọ́n tún iṣẹ́ abẹ ṣe. Ìyá wọn ta ẹ̀rọ tó fi ń wé etí aṣọ, ó ku máṣíìnì ìránṣọ nìkan. Ní ilé ìwòsàn, Tísà jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kejì. Oòrùn ń wọlé látojú fèrèsé, nọ́ọ̀sì ń lọ, ó ń bọ̀.

"Lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé yẹn," ni ọkùnrin náà sọ nígbà tó yá. "Má kàn pòórá mọ́ wọn lójú bí olè."

Ó lọ. Obìnrin akọ̀wé kan tí awò ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí imú ló gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dópin. "Orúkọ ẹ wà lára àwọn tí a fẹ́ yọ lópin oṣù yìí," ló wí. "Ààyè wà fún ẹni tí kò bá lówó láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọdún kan, kó sì padà wá. Ààyè tún wà láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí ló dé tí o kò wá?"

"Ojú ń tì mí, mà."

"Ojú ń tì gbogbo yín," ni obìnrin náà sọ, kò sì wò ó mọ́, ó ti ń wá gègé. "Wọ́n ò dín owó kankan kù fún ẹ o. Wàá sì tún ọdún kejì yẹn kà látìbẹ̀rẹ̀. Kó yé ẹ."

Ó yé e. Ó fi ọdún kan gbáko lọṣọ. Ìyá Alágbàfọ̀ bínú nígbà tó gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ti wà lọ́dọ̀ òun látọjọ́ yìí, ó ní kò sí ẹni tó ń fi òun ṣe ibi ìsápamọ́ sí. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ náà padà sí kíláàsì, ó jẹ́ kó máa wá ní ìdájí àti lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n jinná, àmọ́ ó kúrú ju èkejì lọ. Kò lè gun òkè mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì ló jókòó sí báyìí, ó ń ka àpò fún àwọn oníbàárà, àwọn tí wọ́n jọ ń rẹ́ ògiri tẹ́lẹ̀ ló sì ń wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣàròyé. Kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú ohun tó ń gbà, ó ń yọ díẹ̀ fún Tísà, á gbé e sórí tábìlì, á bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Àwọn tí Tísà ń bá jókòó ní kíláàsì báyìí kéré sí i, àǹtí ni wọ́n ń pè é. Ó pàdé Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì lọ́sẹ̀ tí àwọn yẹn ń ṣe ìdánwò àṣejáde. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Owó ti sáà yìí kò tíì pé, ìdánwò sì ti ń sún mọ́lé.

Ní àárọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọ bàtà, Tísà dúró níwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé ìdánwò lọ́tẹ̀ yìí náà."

Ọkùnrin náà so okùn bàtà rẹ̀ tán. "Ó kù tó èló?"

Tísà sọ iye rẹ̀ fún un láìfi kan kún un, láìyọ kan kúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá òun lójú pé yóò gbà. Wọ́n jọ jáde. Wọ́n rìn dé oríta, ó ń tiro, Tísà ń rọra rìn kí òun má bàa yá jù ú lọ, kí wọ́n tó pínyà.