Obìnrin Ìlémọnà Tó Ń Wo Ẹnu Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró. Mi ò mutí, ibà ò mú mi, oòrùn sì ń ràn. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kò burú. Ó wu èmi náà kó jẹ́ irọ́.

Ìgbà tí reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀fà ni. Mo ti bá àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ ojú irin ṣiṣẹ́, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ èdè wọn. Nígbà tí dókítà òyìnbó kan wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá nílùú wa, èmi ni wọ́n pè pé kí n wá máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Tápítà ni gbogbo èèyàn ń pè mí.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré, ẹ gbọ́. Kò sí dókítà kankan níbẹ̀ kó tó dé, òmíràn ò sì dé lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń jókòó sí. Àwọn èèyàn ń ti Ìjàgbó wá, wọ́n ń ti Ìlémọnà wá, wọ́n pọn ìyá ẹlòmíràn sẹ́yìn wá bí ìkókó. Ẹlẹ́gbò, onísobìyà, ẹni tí ojú ń dùn. Ẹnu mi kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ń gbà kọjá. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, àgbọ̀n mi á máa ro mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, a ti ń palẹ̀ mọ́, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàlámì sáré dé láti Ìlémọnà. Eruku bò ó dé orúnkún.

"Tápítà, ẹ gbà mí. Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ti ń rọbí láti ìjẹta. Ọmọ dábùú. Àwọn àgbẹ̀bí ní apá àwọn ò ká a mọ́. Ẹ bá mi sọ fún òyìnbó. Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́."

Mo mọ òyìnbó náà. Bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, á ní kí wọ́n di ẹṣin òun ní gàárì lójú ẹsẹ̀, èmi á sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e dé Ìlémọnà. Jìgá ti jẹ mí lẹ́sẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní àwáwí mìíràn.

Mo yíjú sí dókítà, mo ní inú ló ń run ìyàwó ọkùnrin yìí.

Ó po oògùn inú rírun sínú ìgò, ó dé e. Mo gbé e lé Sàlámì lọ́wọ́. Mo ní, "Òyìnbó ní kó mu ún. Á bí wẹ́rẹ́." Mo tún rán an létí pé kó dá ìgò padà, torí ìgò wa ò tó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó dúpẹ́, ó sì sáré padà.

Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo rí obìnrin kan lẹ́yìn gbogbo àwọn tó tò. Ó ga, ó lóyún, ìró rẹ̀ tutù láti ìdí dé ilẹ̀. Mo rò pé odò ló là kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ẹ gbà mí gbọ́, gbogbo odò ti gbẹ.

Ìlà náà ń kúrú. Obìnrin yìí ò gbẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ó ń sún mọ́ wa. Àwọn èèyàn ń yà fún un láìwẹ̀yìn, bí ẹni tí iná ń rà lára.

Ó dé iwájú mi. Kò wo òyìnbó. Ẹnu mi ló ń wò.

Mo ní, "Kí ló ń ṣe yín, ìyá?"

Ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ. "Ọmọ dábùú. Sọ fún un."

Mo yára sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò yọ ẹyọ kan kúrò. Dókítà gbójú sókè. Ó wo iwájú, ó wò mí.

Ó ní, "Ta ni? Níbo ló wà?"

Mo nawọ́ sí i. Mo ń rí i kedere!

Bàbá àgbàlagbà kan tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jókòó tì wá. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì rọra sọ fún mi pé, "Tápítà, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ta ló sì da omi síbí?"

Mo wolẹ̀. Ilẹ̀ tutù níwájú mi, ojú ẹsẹ̀ méjì ló sì hàn níbẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin náà ò sí mọ́. Dókítà rò pé oòrùn ló ń pa mí, ó nawọ́ pe ẹni tó kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Sàlámì dé. Kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn ṣì kún inú rẹ̀ dé ọrùn.

Ó ní, "Kò rí i mu. Kí n tó délé, eyín rẹ̀ ti dì pọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ló kú. Tòun tọmọ la sin. Ìgò òyìnbó rèé. Ẹ bá mi sọ fún un pó ṣeun, ó gbìyànjú."

Dókítà bi mí pé kí ló sọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣì láǹfààní níbẹ̀. Mo lanu. Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun."

Ẹ̀rín bo òyìnbó lójú. Ó dìde, ó bọ Sàlámì lọ́wọ́, ó ń mi ọwọ́ náà tìdùnnú-tìdùnnú. Sàlámì ń wo ẹ̀rín yẹn, kò yé e. Omijé ń dà lójú rẹ̀, dókítà sì rò pé omijé ayọ̀ ni.

Àṣàkẹ́ dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi.

Dókítà wọ reluwé lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Èmi náà fi iṣẹ́ tápítà sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo mú ọkàn le, mo lọ sí Ìlémọnà láti jẹ́wọ́. Wọ́n ní Sàlámì ti bá àwọn tó ń tẹ́ irin lọ sílẹ̀ Haúsá, ẹnikẹ́ni ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ààfáà ti gbàdúrà fún mi. Mo ti gbààwẹ̀. Àṣàkẹ́ ò fi mí sílẹ̀. Ibi yòówù kí ẹni méjì ti máa sọ̀rọ̀ tí èdè ò papọ̀, tí mo bá ti dúró sáàárín wọn, á dé pẹ̀lú ìró tutù yẹn. "Sọ fún un." Ta ni kí n wá sọ fún? Dókítà ti lọ. Mi ò rí Sàlámì. Mo ń sọ ọ́ fún yín, mi ò sì mọ̀ bóyá Àṣàkẹ́ kà á kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń dúró láàárín aláìsàn àti dókítà, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ má gé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kúrú. Ẹni tẹ́ ẹ gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wá sọ ìyókù fúnra rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, kò sì ní sọ ọ́ tán.