Ọ̀sẹ̀ Tí A Fi Lálì Yanṣẹ́ Lódì ní Chikaji

Ọdún tí ògiri Berlin wó, tí ìjọba Kọ́múníìsì ní Jámánì ti Ìlà-oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, ni èmi náà múra láti relé ọkọ ní Zaria níbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí ní ìpàdé pé báwo la ṣe jà láyé ìjọ́un, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀rín ló pọ̀ jù nínú ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni ẹ ó máa rín.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Chikaji, ní Zaria níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Aṣọ funfun là ń hun, funfun láúláú. Ọmọ Ọ̀fà ni àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Òfin kan wà níbi iṣẹ́ náà tó burú jáì: obìnrin tó bá bímọ, kó má padà wá mọ́. Ọ̀rẹ́ mi Hannatu, ọmọ Wusasa, bí ọmọkùnrin ní ọjọ́ Ajé. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ilé fi ń jẹun. Àwa obìnrin wá fohùn ṣọ̀kan pé Hannatu gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, òfin yẹn sì gbọ́dọ̀ kú.

Délé ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó máa ń wá kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìṣèlú ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ! Ó ní ní Jámánì ti Ìlà-oòrùn, inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bá òṣìṣẹ́ tọ́jú ọmọ, pé ìyá kàn ń lọ fọ́mọ lọ́mú, á sì padà sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún un níbẹ̀, a ó sì jọ lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ káàárọ̀" lédè wọn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé bó bá húkọ́, ètò ìṣèlú ni lójú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni rédíò sọ pé àwọn èèyàn ti gun orí ògiri náà, wọ́n ń jó. Délé fi orí lé tábìlì, ó ń sunkún. Hannatu, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, bi í pé, "Malam Délé, àwọn tó ń jó yẹn, ṣé òṣìṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ni?" Délé pa rédíò náà. Ó yẹ kí n ti fura láti ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Mama Jummai, àgbà wa nílé-iṣẹ́, pè wá jọ. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni má lọ síbi iṣẹ́. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọkọ yín." Gbogbo wa búra. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Délé lọ ra bàtà ìgbéyàwó ní PZ, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí. Ojú rẹ̀ fà ro. Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn, kó mọ̀ pé bí ìjọba Jámánì bá tilẹ̀ wó, ìjà tiwa ṣì ń lọ. Ni mo bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, àwọn obìnrin náà wá lé lálì fún mi, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Wọ́n po lálì, wọ́n lé e sí mi lọ́wọ́, wọ́n fi ọ̀rá dì í. Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwọn náà ń lé e sọ́wọ́ ara wọn.

"Ṣé gbogbo yín lẹ ń relé ọkọ ni?"

Mama Jummai ní, "À ń bá ọ yọ̀ ni. Má tú u o. Wá bá wa ní géètì láàárọ̀ ọ̀la."

"Ṣé a ò ní dáṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ ni?"

"Ìwọ ṣáà wá."

Nígbà tí mo dé géètì, ọlọ́pàá ti wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó wá láti gba iṣẹ́ wa sì ti tò lọ bẹẹrẹ. Ẹni tí kò bá yọjú lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máníjà pẹ̀lú táì lọ́rùn? Délé ni. Wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inú mi bà jẹ́ débi pé n kò rí ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ mọ́.

"Délé, ṣé ìwọ nìyí?"

"Rábí, ayé ti yí. Àwọn tó kọ́ wa gan-an ti tú ká. Kí la ṣì ń jà fún?"

"Ṣé Jámánì ló fún Hannatu lóyún ni?"

Ibẹ̀ la wà tí Mama Jummai fi kọjá níwájú wa. "Ina kwana, maigida," ló fi kí máníjà káàárọ̀. "Gbogbo wa ti dé síbi iṣẹ́." Òótọ́ sì ni, ẹnì kan ò pa iṣẹ́ jẹ. Wọ́n ní kí àwọn tó ń dúró láti gba iṣẹ́ wa máa lọ sílé.

A jókòó sídìí ẹ̀rọ, a tú ọ̀rá ọwọ́ wa, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tọkàntọkàn. Láàrin wákàtí kan, aṣọ funfun ti di alámì ìka. Máníjà sáré wọlé, ó ń pariwo pé ká lọ fọ lálì náà kíá.

"Haba, maigida!" ni Mama Jummai wí. "Lálì ìyàwó ni. Wọn kì í tètè fọ̀ ọ́. Ẹ bi ọkọ ìyàwó wò, òun ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn."

Gbogbo ojú yí sí Délé. Ọlọ́pàá kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé-iṣẹ́ bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí omi ń dà lójú mi, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀, à ń lé tuntun ní ìrọ̀lẹ́. Ní Thursday, máníjà ní òun gbà. Hannatu padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, òfin burúkú náà sì kú. Bàbá mi bi mí bóyá kí àwọn ránṣẹ́ sí Ọ̀fà pé kí ẹbí má bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, màlúù ìgbéyàwó mi la fi ṣe Hannatu àti ọmọ rẹ̀ lálejò, mo sì jó ju bí ìyàwó ṣe ń jó lọ.

Kí la jèrè? Obìnrin bímọ, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí la pàdánù? Èmi pàdánù ọkùnrin kan àti orílẹ̀-èdè kan tí n kò rí rí, orílẹ̀-èdè náà ló sì pẹ́ kí n tó gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ aṣọ náà ti di ilé ìkẹ́rùsí báyìí. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tíṣà kan níhìn-ín tí wọ́n ṣì ń fi ìborùn bo oyún mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá má baà rí i. Ẹ̀yin lẹ ni ìjà yẹn.

Ó ku gbèsè kan tó jẹ́ tèmi. Láti ọjọ́ náà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo tú àṣírí. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ bá Hannatu ní Wusasa, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Rábí, ta ni kò mọ̀? Pẹ̀lú bí ìfẹ́ ṣe ń pa ọ́ nígbà yẹn, a mọ̀ pé o máa sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí Mama Jummai fi wá ọgbọ́n míì, tí kò sì sọ fún ọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi lé mi kúrò láàrin yín?"

Ó wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. "Wọ́n lé èmi torí pé mo bímọ. Ká wá lé ìwọ torí pé o fẹ́ràn ọkùnrin? Kí ni ìyàtọ̀ àwa àti máníjà nígbà náà?"