Gíláàsì Tó Kọ̀ Tí Kò Gòkè

Gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ pé etí ni Ìyá Wáyà fi ń wá àléébù iná inú mọ́tò. Bó bá ń ṣiṣẹ́, kálukú á panu mọ́, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, mẹkáníìkì tí ẹnu rẹ̀ dà bí omi ẹ̀rọ tí kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kan, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ mọ́tò kan sọ̀kalẹ̀, ó kọ̀, kò gòkè mọ́. Ẹ̀gbọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé e, síbẹ̀ kò mira. Ìyá Wáyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ó tún ń tì í, ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Bọ́tìnnì ló kú," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kí lo wá ń ṣílẹ̀kùn tì í bí ọmọdé sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ariwo!"

Ìyá Wáyà tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ó sì ń rọra ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe dé agbedeméjì, gíláàsì ta kìjí, ó sún sókè díẹ̀.

"Ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́ lónìí!" ló pariwo, bí ẹni tó mú olè.

Ó tú rọ́bà tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Wáyà kan ti já nínú rẹ̀, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń ká a lójoojúmọ́. Ó so ó, ó wé e, ó wọlé jókòó, ó sì tilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ ṣé o rí i..."

Ìyá Wáyà tẹ bọ́tìnnì. Gíláàsì gòkè wẹ́rẹ́ títí tó fi kan òkè. Ẹnu ẹ̀gbọ́n ṣì ń lọ lóde, Ìyá Wáyà ò gbọ́ nǹkan kan.